Arìnnàkore ní Ẹnubodè

Ẹni tó bá sọ pé opó ṣíṣe kò le, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe é rí. Èmi ti ṣe é, nínú ilé wa yìí ní Oníyanrìn, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì. Fún oṣù mẹ́rin ó lé, ògiri yẹn ni mò ń wò. Mo mọ ibi tó ti sán, mo mọ ihò tí aláǹgbá ń gbà wọlé. Nítorí náà, nígbà tí Sàláúdéènì kú lójú ọ̀nà Kano, tí wọ́n mú Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ wọ inú yàrá yẹn kan náà, inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Mo kàn ń bínú ni.

Kúlú kò tíì pé ọmọ ọdún márùnlélógún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí fún Sàláú, Múníra, tó ṣì ń mu ọyàn. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Tí opó bá parí, àwọn àgbà yóò pe Kúlú jáde, wọn yóò gbé orín síwájú rẹ̀ nínú àwo, orín kọ̀ọ̀kan fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú ilé tó fẹ́ ṣú u lópó. Wọn yóò ní kí ó mú èyí tó bá wù ú. Tí kò bá mú ọ̀kankan, kò sẹ́ni tí yóò fi okùn dè é, ó lè padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀rányàn. Ṣùgbọ́n ọmọ kò ní bá a lọ. Ọmọ ilé ni Múníra, ilé ni yóò wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí Kúlú ń fẹ́ kò ju kí òun gbé ọmọ òun pọ̀n, kí òun gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, kí òun máa lọ.

Lọ́jọ́ tèmi, orín mẹ́ta ló wà nínú àwo. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá arúgbó kan tí kò lè dá dìde mọ́, ọ̀kan jẹ́ ti ẹnì kan tó ti lọ sí Gánà tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ni mo mú. Òun ni Bàbá Músá tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dòní. Kò nà mí rí. Kì í sì í bá mi sọ ju "oúnjẹ dà?" lọ.

Gàfárù, àbúrò Sàláú, ló mú eré kan wọlé. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ní ìyàwó, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni àwa ìyàwó ilé sọ ọ́, torí pé ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Rédíò ló ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ. Lọ́dún kejì tí SAP ìjọba dé, tí gbogbo nǹkan wọ́n bí ojú, ó rí páálí kan láàárín ìwé tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ìwé òfin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpò kékeré kan tí dáìsì kún inú rẹ̀. Kì í ṣe dáìsì lúdò o. Òmíràn ní ojú mẹ́rin, òmíràn mẹ́jọ, ọ̀kan sì wà tó ní ojú ogún, ó rí roboto bí èso àgbálùmọ̀ tí kò tíì gbó.

Eré náà kò ní pátákó. Ẹnu ni wọ́n fi ń ta á. Olúkúlùkù yóò dá ẹnì kan sílẹ̀, yóò sọ ọ́ lórúkọ, yóò ju dáìsì láti mọ bí agbára ẹni náà ṣe tó, bí ọgbọ́n rẹ̀ ṣe tó, bí ẹnu rẹ̀ ṣe dùn tó. Láti ìgbà náà lọ, tí ẹni náà bá fẹ́ ṣe nǹkan, ìwọ ni yóò wí pé, "Mo ṣe báyìí, mo ṣe báyìí," bí ẹni pé ìwọ gan-an ni. Ẹnì kan ni rẹ́fírì. Rẹ́fírì ni yóò sọ ibi tí ẹ wà fún yín àti ohun tí ẹ bá pàdé. Tí o bá fẹ́ ṣe ohun tó le, yóò dá iye kan, ìwọ yóò ju dáìsì olójú ogún. Tó bá tó iye yẹn, o ti ṣe é. Tí kò bá tó, o pòfo.

Ọkùnrin kì í wọ yàrá opó. Akọ̀wé ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kọ́tìnì wà lẹ́nu ọ̀nà, Kúlú wà nínú. Èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà gan-an, ẹsẹ̀ mi kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni a máa ń ta á, tí Akọ̀wé bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kúlú á ju dáìsì, dáìsì á yí gba abẹ́ kọ́tìnì jáde, èmi á ka ojú tó wà lókè. Mo rò pé Akọ̀wé fẹ́ fi pa ìrònú rẹ́ fún un ni. Ó sì pa á rẹ́ lóòótọ́, torí ọjọ́ kìíní ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Kúlú ju agbára, ó jẹ́ márùn-ún. Ó ju ẹnu, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú díẹ̀ nínú ẹnu kí n fi kún agbára?"

"Òfin ò gbà á, Ìyá Múníra. Ibi tí dáìsì bá fi í sí ló ń gbé."

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹnu ṣe nínú igbó tí ẹ ní a máa wọ̀?"

"O lè bá kìnnìún sọ̀rọ̀," mo wí fún un. "Tó bá gbọ́ Yorùbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá yẹn. Ó sọ ẹni tirẹ̀ ní Arìnnàkore, obìnrin tí kò gbé ilé ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ní kò ṣeé ṣe, ìwé ní gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti wá. Kúlú ní ibi tó ti wá yàtọ̀ sí ibi tó ń gbé. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí tí wọ́n fi pe ìrun. Tèmi rọrùn ju tiwọn lọ. Géńdé ọkùnrin ni mo dá, Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀, olè paraku, tí kò mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Kúlú bi mí pé kí ló dé tí mo fi yan ọkùnrin. Mo ní mo ti ṣe obìnrin tó.

Ìjà tó wá le ni ti ọmọ. Kúlú sọ lọ́jọ́ kan pé Arìnnàkore ní ọmọ lẹ́yìn. Akọ̀wé ṣí ìwé, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Ìwé ò sọ nípa ọmọ pípọ̀n," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ní ohunkóhun téèyàn bá gbé, ẹrù ni. Bí agbára yín ṣe kéré yìí, ẹ ò ní lè sáré mọ́."

"Ta ló sọ fún yín pé ọmọ wúwo?"

"Múníra wúwo. Mo ti gbé e."

"Ẹ gbé e lọ́wọ́. Ẹ ò pọ̀n ọ́n."

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìdajì àpò ìrẹsì, Ìyá Múníra. Mo ti dín in kù fún yín."

"Ọmọ mi kì í ṣe ìrẹsì."

Kò bá a ta eré mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tí Akọ̀wé bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Kúlú á kọjú sí fèrèsé, tí ọmọ bá sì ké, á fún un lọ́yàn. Akọ̀wé kì í ṣe ẹni tí ń yí òfin padà. Nínú ilé wa, tí wọ́n bá ń ta lúdò pàápàá, òun ló máa ń sọ pé ọwọ́ kan dáìsì kí ó tó balẹ̀, ẹ tún un jù. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó tó kí wa rárá, ó ní, "Mo ti rò ó. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹrù. Ẹ máa sáré yín lọ." Mo gbọ́ tí Kúlú ń sunkún lẹ́yìn kọ́tìnì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé Akọ̀wé fẹ́ràn rẹ̀.

Kò yẹ kí ó bà mí nínú jẹ́, torí gbogbo ilé ló mọ̀ pé Akọ̀wé gan-an ni wọ́n ń tọ́jú Kúlú fún. Alájà Àtọ́kẹ́, àbúrò olórí ilé, ló ṣètò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin yòókù ti ní ìyàwó tó tó wọn, àtijẹ sì le. Mo bi Kúlú léèrè nípa Akọ̀wé nígbà tó ku àwa méjì. Ó ní, "Mi ò kórìíra wọn, Ìyáálé mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé aṣọ tó dára fún yín, tí wọ́n ní dandan ni kí ẹ wọ̀ ọ́, ṣé kò ní máa họ yín lára?" Aṣọ tèmi ti mọ́ mi lára, mo sì ti gbàgbé pé ó họ mí rí.

Arìnnàkore àti Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ wá há sínú ìlú kan tí odi yí ká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé Akọ̀wé ló ń há wa mọ́bẹ̀. Bí a bá fẹ́ jáde, odò á kún. Bí odò bá fà, ogun á dé. Èmi ò bìkítà, torí Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ rí nǹkan jí nínú ìlú dáadáa. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Kúlú ń wí pé, "Mo lọ sí ẹnubodè." Nígbà tó yá, kò sí odò mọ́, kò sí ogun mọ́, oníbodè nìkan ló kù. Akọ̀wé ní kí Kúlú tó lè rọ̀ ọ́, dáìsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ogún. Ó jù ú, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ó ń ṣe mí bíi kí n purọ́, ṣùgbọ́n Akọ̀wé náà ń wo dáìsì.

Ibi tí a ti ń ta á báyìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Alájà Àtọ́kẹ́ ń kọjá láàárín ògiri méjèèjì lẹ́yìn ilé, ó gbọ́ ohùn opó láti ojú fèrèsé. Ohùn náà ń wí pé, "Ọkọ mi ti kú. Mo ti gbé ọmọ mi pọ̀n, mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni nílé. Ṣílẹ̀kùn fún mi, ohun tó o bá fẹ́ ni n ó fún ọ." Ó sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, ohùn líle, nítorí Akọ̀wé máa ń yí ohùn rẹ̀ padà tó bá ń ṣe oníbodè: "Padà wá tílẹ̀ bá ṣú."

Kó tó di ìrun Mọ̀gàríbì, gbogbo àgbà ilé ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Baba Yẹ̀kínì, olórí ilé, jókòó sórí awọ rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Alájà sọ ohun tó gbọ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ó ní opó tó ń bá ọkùnrin dá àkókò ti ba opó jẹ́, kí ó máa lọ sí Ọ̀rányàn lọ́la, kí ó fi ọmọ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí Kúlú mí kanlẹ̀ nínú yàrá, Múníra sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké nítorí pé ìyá rẹ̀ ti di í mọ́ra jù. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

"Èmi ni," ni Akọ̀wé wí. "Èmi ni oníbodè."

"Oníbodè ibo?" Alájà bi í. "Ìgbà wo lo fi rédíò sílẹ̀?"

Wọ́n ṣàlàyé títí, kò yé ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn ṣe lè wà ní ìjókòó kó sì wí pé òun wà ní ẹnubodè, irọ́ ni lójú Alájà, irọ́ pípa kì í sì í ṣe eré. Baba Yẹ̀kínì ló gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ ta á kí n rí i."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jókòó, tí àgbà ilé yí wa ká, a ń ta eré. Akọ̀wé kò yí ohùn padà mọ́. Ó sọ bí ẹnubodè ṣe rí, ó sọ pé oníbodè dìde. Kúlú sọ tirẹ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi ti kú. Mo ti gbé ọmọ mi pọ̀n. Ó ju dáìsì. Dáìsì yí gba abẹ́ kọ́tìnì, ó lọ dúró ti ẹsẹ̀ Baba.

"Méjìdínlógún," mo kà á.

"Kò tó," ni Akọ̀wé wí.

Baba mú dáìsì náà ńlẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Mélòó ló yẹ kó jẹ́?"

"Ogún, Baba."

Baba ń yí i, ó ń wá a. Ó pẹ́ kó tó rí i. "Ojú kan péré ló ní ogún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Ṣé ìwé ló ní kó jẹ́ ogún?"

"Rárá, Baba. Ìwé ní kí rẹ́fírì dá iye tó bá yẹ."

"Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn báyìí, tó gbé ọmọ pọ̀n, tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Mélòó ló yẹ?"

Akọ̀wé wo ìwé rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé kò kà á. "Mẹ́wàá," ló wí. "Bóyá kó má tó mẹ́wàá."

"Kí ló wá dé tó o fi fi ogún síbẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n jáde, Baba." Ó pa ìwé náà dé. "Kì í ṣe ti eré ni mò ń wí."

Ojú tì í, ó tì mí fún un. Baba ṣì di dáìsì mú.

"Tó o bá mọ̀ pé o ò ní jẹ́ kó jáde, kí ló dé tó o fi ń jẹ́ kó jù ú? Ò bá kúkú sọ fún un pé kò sí ọ̀nà."

"Mo fẹ́ kó dà bíi pé ọwọ́ wọn ló wà, pé àwọn ló ń ta á," ni Akọ̀wé wí.

Baba Yẹ̀kínì ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó kàn ń fi ọwọ́ yí i, mi ò mọ̀. Nígbà tó yá, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Àtọ́kẹ́, orín mélòó lẹ ti tọ́jú dè é?"

"Ọ̀kan," ni Alájà wí. "Ti Gàfárù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, Bọ̀dá mi. Ó lè kọ̀ ọ́ tí kò bá wù ú."

"Kó sì fi ọmọ sílẹ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe tuntun."

"Mo mọ̀. Àwa náà ò fẹ́ kó jáde, la ṣe ń gbé orín fún un." Kò gbé ohùn sókè. Ó yíjú sí kọ́tìnì. "Kúlúsúmù, kí lo fẹ́?"

Láti ọjọ́ tí mo ti wà nínú ilé yìí, mi ò gbọ́ kí wọ́n bi ìyàwó kankan bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n máa ń bi wá bóyá a gbọ́. Wọ́n máa ń bi wá bóyá a ti ṣe tán. Kúlú náà kò gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí Baba jọ̀ọ́ tún un wí. Baba tún un wí.

"Mo fẹ́ parí opó mi, Baba," ni Kúlú wí. "Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ máa lọ sí ilé bàbá mi. Èmi àti ọmọ mi."

Alájà fẹ́ sọ̀rọ̀, Baba ò jẹ́ kó sọ. Ó ní ọmọ tó ń mu ọyàn, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló yẹ kó wà. Tó bá gbọ́njú, kí wọ́n máa mú un wá kí ilé bàbá rẹ̀, Ọ̀rányàn kò jìnnà. Ó ní kò gbọdọ̀ sí àwo orín kankan. Akọ̀wé ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí ní gbogbo ìgbà yẹn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n wúwo. Nígbà tó débi kọ́tìnì, ó ní, "Arìnnàkore ti jáde, Ìyá Múníra. Oníbodè ti ṣí i." Kúlú ní, "Ẹ ṣeun, Akọ̀wé." Ìyẹn nìkan ni wọ́n bá ara wọn sọ.

Inú mi dùn fún Kúlú, ṣùgbọ́n inú tún bí mi sí i, kí n má purọ́. Mo ń dìde kí n lọ gba Múníra kí ìyá rẹ̀ lè sunkún dáadáa, ni Baba pe èmi náà lórúkọ.

"Sìdí."

"Baba."

"Èmi náà ni mo jókòó lọ́jọ́ tìrẹ. Èmi ni mo gbé àwo yẹn síwájú rẹ, mo sì mọ orín tó wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mò ń bi ọ́ báyìí, níṣojú gbogbo wọn. Kí lo fẹ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá Músá wà níbẹ̀, ó jókòó ti ògiri, òun náà ń wò mí, kò sì dà bí ẹni pé inú ń bí i. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ gbọ́. Èmi tí wọ́n mọ̀ sí ẹlẹ́nu, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n, mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá ohun tí mo fẹ́. Mo mọ̀ pé ó wà nígbà kan, torí mo rántí pé mo máa ń sùn tì í, mo máa ń jí bá a. Mo rò ó lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilé bàbá mi, tí àwọn ìyàwó àbúrò mi ti kún. Mo rò ó lọ sọ́dọ̀ Músá ọmọ mi, tó ti ń hu irùngbọ̀n. Mi ò rí i níbì kankan.

"Ọbẹ̀ mi wà lórí iná, Baba," mo wí.

Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo gba àárín wọn kọjá lọ sí ilé ìdáná. Mi ò tíì dáná lọ́jọ́ náà. Mo jókòó ti ààrò tútù, mo gbọ́ tí wọ́n ń tú ká lọ kírun lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣì ń gbìyànjú láti rántí.